Ọmọ ti wọlé: kí là á máa pè é ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí?

Lọ́sẹ̀ tí àwọn yunifásítì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orúkọ jáde, èrò kì í gbà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Mo máa ń bá èèyàn kọ lẹ́tà, mo máa ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ wo CAPS, ìyẹn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB ti ń lò láti ọdún 2017 fún ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé. Bwari, níbi tí olú iléeṣẹ́ JAMB wà, kò jìnnà sí wa rárá.

Bàbá kan, ará Ọ̀fà, mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́ kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́ lórí owó iléèwé. Ó ti há gbólóhùn àkọ́kọ́ sórí kó tó dé: "My daughter is now a student of the university." Mo ní kí ọmọ náà ṣí fóònù rẹ̀ fún mi. Lóòótọ́ ni wọ́n ti fún un láàyè, àmọ́ "Accept" àti "Reject" ṣì dúró lójú fóònù, kò tíì tẹ ọ̀kankan.

"Ẹ má bínú, bàbá, kò tíì di student o."

"Báwo? Ṣé wọn ò gbà á ni?"

"Wọ́n ti gbà á, sà. Òun ló kù tó máa gbà fún wọn."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Mo bi í pé ọmọge tí wọ́n ti wá tọrọ, tí wọn ò tíì gbé wọlé ọkọ, kí là ń pè é. Ó ní àfẹ́sọ́nà. Mo ní ṣé a lè pè é ní ìyàwó ilé? Ó ní, "Tì o, ó dọjọ́ tó bá wọlé." Mo ní bí ti ọmọ yín ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹnu wa ló ń kó bá wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lédè Yorùbá, láti ọjọ́ tí orúkọ bá ti jáde títí dọjọ́ tí ọmọ bá jókòó nínú kíláàsì, ohun kan náà là ń sọ: "Ó ti wọlé." Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibodè kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, àwọn tó ń ka lẹ́tà ní báǹkì, ní ẹ́ńbásì àti ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa. Bí èmi ṣe máa ń yan ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibodè tí ọmọ náà dúró sí

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, nítorí ẹnu òbí lè ti sáré kọjá ibi tí ìwé dé.

Ẹni tó kún fọ́ọ̀mù, tó sì ti fi í ránṣẹ́, "applicant" ni. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tàbí tó ti ṣe é tán tó ń retí èsì, "candidate" ni. Mo fẹ́ràn ìtàn tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Róòmù àtijọ́, àwọn tó ń wá ipò ìlú máa ń wọ aṣọ funfun báláú jáde kí gbogbo ayé lè rí wọn. "Candidus" ni wọ́n ń pe funfun yẹn ní èdè Látìn. Candidate wà lójú agbo, wọ́n ń wò ó, wọn ò tíì mú un. Ọmọ tó gba 320 nínú JAMB, candidate ṣì ni, bí inú ilé yín tilẹ̀ ń dùn.

Ibi tó wá léwu jù ni "shortlisted". Ẹni tí wọ́n ní ó wà lórí shortlist, wọ́n ti jọ èlùbọ́, ó ṣẹ́ kù sínú igbá, àmọ́ wọn ò tíì gbé omi kaná, ká má tíì sọ pé wọ́n rokà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan níbí gbé orúkọ ọmọ mọ́kànlá fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè pín owó ìrànwọ́. Mi ò béèrè ohunkóhun. Mo kọ "Admitted Students" gàdàgbà sókè ìwé náà. Mẹ́ta nínú wọn, shortlist ni wọ́n wà. Ẹgbẹ́ náwó fún gbogbo wọn, nígbà tí àkọsílẹ̀ gidi sì jáde, méjì nínú àwọn mẹ́ta náà kò sí níbẹ̀. Owó ti tán lọ́wọ́ òbí wọn. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n fi parí ìjà náà, ìyá kan kò sì wá sí ẹgbẹ́ mọ́ títí di òní. Ọ̀rọ̀ méjì tí mo tẹ̀ láìwádìí ló fà á, ó sì ń dùn mí síbẹ̀. Àkọlé tó tọ́ ni "Shortlisted and Admitted Candidates", kí n sì pín orúkọ náà sí ọ̀nà méjì.

Lẹ́yìn shortlist ni "offer". Lẹ́tà yunifásítì wa sábà máa ń sọ pé "you have been offered provisional admission". Ẹ fojú sí "provisional" yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé àyè ti wà, àmọ́ wọ́n ṣì máa yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Bí WAEC tàbí NECO ọmọ náà bá ní ìṣòro, wọ́n lè gbà á padà. Ẹ má ṣe fi í dọ́gba pẹ̀lú "conditional offer" tí àwọn yunifásítì ní Bírítéènì ń fúnni. Tiwọn ní májẹ̀mú kan pàtó tí ọmọ náà kò tíì mú ṣẹ, bí i pé kó ní iye máàkì báyìí nínú ìdánwò tí èsì rẹ̀ kò tíì jáde, tàbí kó yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá mú un ṣẹ, ó di "unconditional". Ẹni tí irú àyè bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ì báà jẹ́ conditional tàbí unconditional, ni wọ́n ń pè ní "offer holder", ọ̀rọ̀ tó wù mí púpọ̀ nítorí pé kò purọ́ rárá: àyè ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì jókòó.

Nígbà tí ọmọ bá ti tẹ "Accept", tó san acceptance fee, tó ṣe clearance, tó sì forúkọ sílẹ̀ fún àwọn kọ́ọ̀sì rẹ̀, ìgbà yẹn ló di "registered student". "Enrolled" náà dára níbí. Bó bá wá wọ gáùn, tó búra, tó buwọ́ lùwé, "matriculated student" ni. Látinú "matricula" ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ìyẹn ìwé orúkọ ní Látìn, nítorí náà ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ńlá iléèwé ni. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà yín bá ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ẹ ṣọ́ra: "matric" lọ́dọ̀ wọn ni ọdún tó kẹ́yìn ní iléèwé girama. Ẹ lè sọ pé ọmọ yín ti ṣe matric ní Zaria kí wọ́n rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ béèrè ta ló ṣe é

Ohun tó máa ń dà wá láàmú jù nìyí, ẹ jẹ́ ká rọra gbà á. "Gbà" tiwa ń lọ síwá sẹ́yìn. Iléèwé gba ọmọ, ọmọ gbà láti lọ. "Accept" bá "gbà" mu lọ́nà yìí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ya wá lẹ́nu pé ó lè dójú rú. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "We have forty accepted students." Ogójì tí iléèwé gbà ni àbí ogójì tó ti gba iléèwé? Bó bá jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ni iléèwé gbà, tí ogójì sì dáhùn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ṣètò yàrá ibùgbé.

"Admit" ní tirẹ̀ dúró lójú kan. Ẹni tó ni ìlẹ̀kùn ló ń "admit", ẹni tó dúró níta kò lè ṣe é. Òfin tí mo fún ara mi wá ni pé iṣẹ́ iléèwé ni mò ń fi "admitted" sọ, iṣẹ́ ọmọ ni mò ń fi "accepted" sọ, mo sì máa ń fi "the offer" tẹ̀ lé e kó má baà ṣìnà. Ẹ gbọ́ bó ṣe já gaara: "Twelve candidates have been admitted; nine have accepted the offer." Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìbéèrè lẹ́yìn ìyẹn.

Àmọ́ ẹ má ṣe fi "admitted" sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí nígbà tí ọmọ rẹ̀ rí Ahmadu Bello University wọ̀: "Glory be to God, my son has been admitted in Zaria." Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àǹtí wa àgbà fi pè mí láti Ìlọrin pẹ̀lú ẹkún lóhùn, ó ń béèrè kí ló ṣe ọmọ náà àti pé wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n gbé e sí. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà wà ní Shika nítòsí Zaria lóòótọ́, kí la wá fẹ́ kó rò? Ká ní ẹ̀gbọ́n mi fi "to study Pharmacy" kún un ni, àǹtí ìbá ti máa jó.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó dà bíi pé wọ́n máa yanjú gbogbo rẹ̀, àwọn tí "-ee" wà nídìí wọn. Bí "employee" ṣe jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́, "admittee" jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà wọlé. Ó bófin mu, àmọ́ etí Nàìjíríà kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ka lẹ́tà yín sì lè rò pé àṣìṣe ni. Mi ò kì í fi sínú lẹ́tà. "Enrollee" tún burú jù fún wa ní Abuja níbí, nítorí pé ìbánigbófò ìlera ló ti gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wa lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gbọ́ "enrollee", káàdì NHIA àti HMO ni ọkàn rẹ̀ máa lọ bá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ "admits" fún àwọn ọmọ tí wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ inú ọ́fíìsì wọn ni, kò yẹ lẹ́nu òbí.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó sọ òótọ́ sàn ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń fa àríyànjiyàn lọ. "Newly admitted students" kò lábùkù nínú ìkéde. "Incoming students" dára fún àwọn tó ti gbà láti wá, tí sáà kò tíì bẹ̀rẹ̀. "Successful applicants" náà dára. Ẹ ṣọ́ "successful candidates", ó lè jẹ́ ẹni tó yege ìdánwò lásán. "Prospective student" ni mo ń bẹ yín kí ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ó túmọ̀ sí ọmọ tó nírètí dáadáa. Ẹni tó kàn ń rò ó pé òun lè wá ni, kódà bí kò tíì ra fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà físà ọmọ tó ti ní offer lọ́wọ́, ẹ ti fa ọmọ náà sẹ́yìn ibodè mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ilẹ̀ tí ìwé náà ń lọ

Bí Nàìjíríà níbí ni, "offered admission" àti "gained admission" kò níṣòro, gbogbo ènìyàn ló ń lò wọ́n. Bírítéènì fẹ́ràn "offered a place". Bí ọmọ bá ti ní CAS, ìyẹn "Confirmation of Acceptance for Studies", nọ́ńbà tí iléèwé ń fúnni láti fi wá físà, ẹ dárúkọ rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Fún Amẹ́ríkà, "admitted student" ni, ìwé tí iléèwé sì ń fi ránṣẹ́ fún físà ni I-20.

Ọ̀rọ̀ "course" fúnra rẹ̀ máa ń yí padà lójú ọ̀nà. Ní ilẹ̀ wa, ẹ lè gbọ́ kí wọ́n bi ọmọ pé "What is your course?" kó ní "Nursing", kó tún sọ lọ́jọ́ kejì pé òun ní course mẹ́jọ ní sáà yìí. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ kan. Bírítéènì náà máa ń fi "course" pe ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lódindi, wọ́n sì ń sọ "accepted onto the course". Ní Amẹ́ríkà, "course" ni kíláàsì kan ṣoṣo tí ẹ máa ṣe láàárín sáà kan. Bí ẹ bá kọ̀wé sí wọn pé wọ́n ti gba ọmọ yín sí "a course in Nursing", wọ́n lè rò pé kíláàsì ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ ni. "Program" ni kí ẹ kọ fún wọn, "programme" fún Bírítéènì àti àwa.

Ohun kan ń wù mí nínú Hausa tí a ń gbọ́ láràárọ̀ nínú ọjà níbí. Wọ́n ń pe akẹ́kọ̀ọ́ ní "ɗalibi", láti inú Lárúbáwá "ṭālib", ẹni tó ń wá nǹkan. Àwọn tó ṣe ilé kéú nínú wa mọ̀ ọ́n. Lójú ọ̀rọ̀ yẹn, láti ọjọ́ tí ọmọ ti ń wá ìmọ̀ ló ti jẹ́ ɗalibi. Ọ́fíìsì elédè Gẹ̀ẹ́sì kò rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n máa béèrè nọ́ńbà matric.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ fún ẹnu

"Jambite", "fresher", "stalite" (ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pẹ́ nínú ọgbà), gbogbo wọn dùn létí, ẹ máa lò wọ́n nínú ọgbà àti lórí WhatsApp. Wọn kò wọ lẹ́tà. "Aspirant" náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi í pe ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń wá yunifásítì kan, àmọ́ ní Abuja, níbi tí ọ̀rọ̀ òṣèlú kì í tán, aspirant ni ẹni tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú, ó sì di candidate bó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó kàn fi hàn yín pé aspirant jìnnà sí ẹni tó ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí kì í bá ṣe yunifásítì ńkọ́?

Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ ní ìlú yìí, ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n sì ń rán wọn lọ. Ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni "nominee", àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ náà lè kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá gbà á, "participant" ni, tàbí "trainee" bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ́. Kò sí "matriculated" níbẹ̀. Bí ètò náà bá ti ní orúkọ tó ń pe àwọn èèyàn rẹ̀, orúkọ yẹn ni kí ẹ lò: 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, "fellows" ló ń pè wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ pe gbogbo àwọn tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀, "intake" tàbí "cohort" ni. Èèyàn kan kì í jẹ́ intake.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wò

"Admitted to the university" ló dájú jù, bí "into" tilẹ̀ kún ẹnu wa. "Admitted to study Law", kì í ṣe "admitted to Law". "Onto" ń bá "course" rìn, kì í bá "university" rìn. Lẹ́tà "l" kan ló wà nínú "enrol" àti "enrolment" lọ́nà ti Bírítéènì, méjì lọ́nà ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n "enrolled" ní méjì níbi gbogbo.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka gbólóhùn náà sókè níwájú ẹni tó ni ín

Mo máa ń kà á fún òbí, màá wá yí i sí Yorùbá fún un láì lo "wọlé". "Wọ́n ti fi àyè lọ̀ ọ́." "Ó ti gba àyè náà." "Orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé." Èyí tí òbí bá fi ìwé tì lẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mò ń tẹ̀.

Bí a ṣe ṣe é fún bàbá Ọ̀fà nìyẹn. Mo ka gbólóhùn tirẹ̀ sókè, mo yí i sí Yorùbá, ó sì mi orí. Ọmọbìnrin náà fi àtàǹpàkò tẹ "Accept" níbẹ̀ lójú gbogbo wa, a dúró kí nẹ́tíwọ̀kì gbé e lọ, lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ ẹ́: "My daughter has been offered provisional admission to study Nursing and has accepted the offer." Ó ní kí n tẹ ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ọ̀kan fún ara òun.

Nígbà tó ṣe, ó padà wá pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà nínú ọ̀rá. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà mìíràn, sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ṣí fáìlì àtijọ́. Kó tó di pé mo béèrè, ó ti na ìwé náà sí mi, ó ní kí n wò ó dáadáa kí n tó kọ ohunkóhun. Mo wò ó. Mo pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́, mo sì kọ "a registered 100-level student".